Ta ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé? Ọ̀rọ̀ lórí owó àwọn obìnrin oníṣẹ́ abẹ

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, nìyí, níwájú àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ọlọ́jà, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn agbẹ̀bí àti àwọn ọmọ iléèwé. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, mo sì fi díẹ̀ kún un nínú ìbéèrè tí wọ́n bi mí lẹ́yìn náà.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọmọ iléèwé tí ẹ jókòó níwájú, mo kí yín o. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí owó tí ọkùnrin àti obìnrin ń gbà nídìí iṣẹ́ abẹ. Bàbá kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ìyá, kí ló kan Kétu nínú èyí? Dókítà oníṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀, ọkùnrin tàbí obìnrin, ó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa." Ìbéèrè gidi ni. Mo máa dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín lọ sí ọ̀nà jíjìn, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ka nǹkan náà ní kíkà tó yanjú.

Ẹkùn kan wà ní Kánádà tí wọ́n ń pè ní Ontario. Ìjọba ibẹ̀ ló ń san owó ìwòsàn fún ará ìlú. Púpọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ abẹ wọn kì í gba owó oṣù. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n bá ṣe ni wọ́n ń san owó lé lórí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Iye kan wà fún yíyọ àpò òróòro, iye mìíràn wà fún pípààrọ̀ oríkèé ìbàdí, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé. Ìwé náà kò sì béèrè bóyá ọkùnrin ló mú abẹ tàbí obìnrin. Tí wọ́n bá ní kí n tọ́ka sí ibì kan láyé tí owó ọkùnrin àti ti obìnrin kò yẹ kó yàtọ̀ síra, ibẹ̀ ni ǹ bá tọ́ka sí.

Ní 2019, àwọn olùwádìí tẹ ohun tí wọ́n rí jáde nínú JAMA Surgery, ìwé ìròyìn àwọn oníṣẹ́ abẹ. Wọ́n ti yẹ iṣẹ́ abẹ tó lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ wò, èyí tí oníṣẹ́ abẹ 3,275 ṣe láti 2014 títí dé òpin 2016. Fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tí wọ́n lò nídìí iṣẹ́ abẹ, owó obìnrin fi ìdá 24 nínú 100 kéré sí ti ọkùnrin. Ìdá 24! Ní ìlú tí iye owó wà nínú ìwé kan ṣoṣo fún gbogbo wọn.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn èèyàn ni pé bóyá obìnrin ń falẹ̀. Wọ́n wo ìyẹn. Fún iṣẹ́ abẹ kan náà, kò sí ìyàtọ̀ nínú àkókò tí ọkùnrin àti obìnrin fi ń ṣe é. Bóyá obìnrin kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni, nítorí ọmọ àti ilé? Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi wọn owó náà, nítorí náà ẹni tó ṣe wákàtí mẹ́ta àti ẹni tó ṣe mẹ́wàá, ojú kan náà ni wọ́n fi wò wọ́n. Wọ́n tún fi oníṣẹ́ abẹ egungun wé oníṣẹ́ abẹ egungun, wọ́n fi ti ọkàn wé ti ọkàn, ìyàtọ̀ ṣì wà. Kódà àárín àwọn oníṣẹ́ abẹ ọkàn àti àyà, àti ti egungun, ni ó ti pọ̀ jù. Ohun tó wá ṣẹ́ kù ni irú iṣẹ́ tó ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Àwọn iṣẹ́ abẹ tí owó rẹ̀ wúwo jù, obìnrin kì í sábà rí wọn ṣe.

Ẹ wò ó bí ilé aránṣọ. Aránṣọ méjì wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan, iye tí wọ́n ń san lórí agbádá kò yàtọ̀ láàárín wọn, ti ìró àti bùbá kò yàtọ̀, ti aṣọ ọmọ iléèwé kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo agbádá tó bá wọlé, iwájú ẹni àkọ́kọ́ ni ọ̀gá ń gbé e sí, aṣọ ọmọ iléèwé ni wọ́n ń kó fún ẹnì kejì. Tó bá di alẹ́, àwọn méjèèjì ti jókòó ti ẹ̀rọ fún iye wákàtí kan náà, owó wọn kò sì ní dọ́gba láé. Ẹnikẹ́ni kò yọ nínú owó ẹnì kejì. Ìpín iṣẹ́ ni kò dọ́gba.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ ọ́ níbi gbogbo tí wọ́n bá pè mí sí pé owó obìnrin oníṣẹ́ abẹ ti ń dín kù kí ó tó fọwọ́ kan abẹ. Ojú ọ̀nà tí aláìsàn ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ti ń dín kù.

Ní Kánádà, aláìsàn kì í dìde nílé lọ bá oníṣẹ́ abẹ. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́ ló máa kọ ìwé pé kó lọ rí lágbájá. Orúkọ lágbájá yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ìwádìí mìíràn láti Ontario náà wo ìwé bẹ́ẹ̀, ó sún mọ́ mílíọ̀nù 40, láti 1997 dé 2016. Nínú gbogbo oníṣẹ́ abẹ ibẹ̀, ọkùnrin tó nǹkan bíi 77 nínú 100. Tí dókítà ọkùnrin bá ń kọ ìwé, 87 nínú 100 ló ń kọ orúkọ ọkùnrin sí. Tí dókítà obìnrin bá ń kọ ọ́, 79 ni. Àwọn aláìsàn tó ti dájú pé abẹ ló máa kàn, tí wọ́n máa mú owó wá, àwọn náà kì í bọ́ sí ọwọ́ obìnrin tó bó ṣe yẹ. Mi ò rò pé èyíkéyìí nínú àwọn dókítà wọ̀nyẹn jí láàárọ̀ ọjọ́ kan kó sì pinnu pé òun máa du obìnrin lóúnjẹ. Ẹni tó mọ̀, ẹni tí wọ́n jọ jẹun, ẹni tí wọ́n jọ wà ní iléèwé ni orúkọ rẹ̀ wá sí i lọ́kàn nígbà tó mú bírò. Ìwé kan kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Mílíọ̀nù 40 ìwé ń kọ́lé fún ẹnì kan, ó sì ń fi ẹlòmíràn sílẹ̀ níta.

Ibi tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ló kàn yìí. Obìnrin onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Heather Sarsons, lọ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí aláìsàn bá kú sọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ. Ẹ mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀. Kò sí ọwọ́ tó mọṣẹ́ tó tí ikú kò dé bá rí. Tí ó bá jẹ́ ọwọ́ ọkùnrin ni, àwọn dókítà tó ń rán aláìsàn sí i kò yí padà púpọ̀. Tí ó bá jẹ́ ọwọ́ obìnrin ni, wọ́n á dín aláìsàn tí wọ́n ń rán sí i kù, ìdínkù ńlá. Kò tán síbẹ̀: wọ́n á tún máa lọ́ra láti rán aláìsàn sí àwọn obìnrin mìíràn tí wọn kò bá ṣiṣẹ́ rí, tí wọ́n jọ ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ kan náà. Ìka kan ló tọ́ epo, gbogbo ọwọ́ ni wọ́n ní ó ti di elépo. Ọkùnrin tó bá ṣi iṣẹ́ ṣe, òun nìkan ló ṣì í. Obìnrin ń ru ẹ̀rù tara rẹ̀ àti ti gbogbo obìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ta ló máa gbé irú ẹ̀rù yẹn tí kò ní yan iṣẹ́ kékeré tí ewu rẹ̀ kéré?

Ẹlòmíràn á ní, ṣé ọwọ́ obìnrin le tó ti ọkùnrin? BMJ, ìwé ìròyìn ìṣègùn kan, tẹ ìwádìí kan jáde ní 2017. Aláìsàn 104,630 ni wọ́n fi ṣe é, oníṣẹ́ abẹ 3,314, obìnrin 774 nínú wọn. Wọ́n mú aláìsàn tí ọjọ́ orí wọn àti àìsàn wọn jọra, wọ́n wo àwọn tó kú, àwọn tó padà sí ilé ìwòsàn, àwọn tí ìṣòro bá láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Àwọn tí obìnrin ṣiṣẹ́ abẹ fún ṣe dáadáa ju ti ọkùnrin lọ díẹ̀. Ìyàtọ̀ náà kéré, mi ò ní sọ ọ́ di ńlá. Ní 2022, wọ́n wo aláìsàn tó lé ní mílíọ̀nù kan: obìnrin tí ọkùnrin bá ṣiṣẹ́ abẹ fún, ewu kí nǹkan burú fún un fi ìdá 15 nínú 100 ju ti obìnrin tí obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ. Ẹ má ṣe tìtorí èyí sá fún dókítà ọkùnrin. Ọwọ́ ọkùnrin ló yọ ọ̀pọ̀ wa nínú ikú, mo sì bá àwọn kan ṣiṣẹ́ tí mo ṣì ń gbàdúrà fún. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá fi iṣẹ́ abẹ ńlá du obìnrin nítorí pé ó ń bẹ̀rù fún aláìsàn, kò ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà lórí ìwé iye owó fúnra rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú iṣẹ́ abẹ méjì-méjì tó jọra, ọ̀kan tí wọ́n ń ṣe sí ara ọkùnrin, ọ̀kan tí wọ́n ń ṣe sí ara obìnrin, àádọ́ta irú rẹ̀ ni wọ́n fi wéra nínú iye tí ìjọba ń san ní 2015. Nínú 42, ti ara ọkùnrin ni owó rẹ̀ ga jù. Tí a bá pín gbogbo rẹ̀ káàkiri, ó fi nǹkan bí ìdá 28 nínú 100 ju ti obìnrin lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ abẹ obìnrin ni ọ̀pọ̀ dókítà obìnrin ibẹ̀ ń ṣe. Wọ́n fi wọ́n sí ọ̀nà kan, wọ́n sì ti sọ ọ̀nà náà di olówó pọ́ọ́kú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó oṣù ìjọba lè máa rò pé owó oṣù ló máa yanjú gbogbo rẹ̀. England ni kí a wò. Owó oṣù ni àwọn dókítà ilé ìwòsàn wọn ń gbà, ipele-ipele, kò sí ipele obìnrin. Síbẹ̀, nígbà tí ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Jane Dacre ṣe olórí rẹ̀ jábọ̀ ní 2020, ìyàtọ̀ tí wọ́n rí láàárín owó dókítà ọkùnrin àti obìnrin ní ilé ìwòsàn jẹ́ ìdá 18.9 nínú 100, lẹ́yìn tí wọ́n ti ro wákàtí iṣẹ́ mọ́ ọn. Ipele kò yàtọ̀, ẹni tó ń tètè gòkè lórí rẹ̀ ló yàtọ̀, àti ẹni tí wọ́n ń fún ní àfikún.

Oyún ń kó ipa tirẹ̀ nínú èyí. Mo fẹ́ kí àwọn ọkùnrin tó wà níbí gbọ́ ọ. Ní 2021, obìnrin oníṣẹ́ abẹ 692 ní Amẹ́ríkà dáhùn ìbéèrè lórí oyún wọn. 290 nínú wọn ni oyún ti bàjẹ́ lára wọn rí, ìdá 42 nínú 100. Wọ́n ń sún ọmọ bíbí síwájú títí ìkọ́ṣẹ́ á fi parí, wọ́n sì ń dúró nídìí aláìsàn pẹ̀lú oyún inú títí dé oṣù ìkẹyìn. Ẹni tó bá sọ fún mi pé owó obìnrin kéré nítorí pé kò fi ara jìn fún iṣẹ́, nọ́mbà yìí ni mo máa ń fún un.

Ó yá, Kétu.

Òfin wa kò burú. Ìwé òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè Benin ti ọdún 1990 sọ pé ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba lábẹ́ òfin. Òfin iṣẹ́ ti 1998 sọ pé iṣẹ́ tí iye rẹ̀ bá dọ́gba, kí owó rẹ̀ dọ́gba. Ní 2009 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í san 100,000 sẹ́fà fún ilé ìwòsàn lórí obìnrin kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún. Iye náà kò yí padà nítorí ẹni tó mú abẹ. Gbogbo èyí dára. Ontario náà ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ sì ti gbọ́ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀. Owó oṣù dókítà ìjọba lọ́dọ̀ wa kò tó gbọ́ bùkátà dókítà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ ní kílíníìkì aládàáni, iṣẹ́ òru, iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń kún un. Ibẹ̀ ni ta-ni-mo-mọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ni kílíníìkì á pe ẹni tí nọ́mbà rẹ̀ ti wà nínú fóònù rẹ̀.

Àwa náà sì ń kọ ìwé. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tó wà níbí, ọwọ́ yín ni. Tí ọ̀rọ̀ aláìsàn bá ti ju agbára ilé ìwòsàn tó wà nítòsí lọ, Pọ̀bẹ̀ ni ẹ ń rán an lọ, tàbí Àjàṣẹ́, tàbí Kútọnu. Ìdílé aláìsàn á béèrè pé, "Ta ni ká béèrè tí a bá débẹ̀?" Ẹ̀yin ni ẹ ń dá wọn lóhùn. Orúkọ tí ẹ bá sọ, òun ni wọ́n á dì mọ́ igun ìró bí owó títí wọ́n á fi sọ̀ kalẹ̀ lórí zémìjàn, alùpùpù akérò, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ìdí nìyí tí mo fi wá bá Kétu sọ ọ́. Oníṣẹ́ abẹ lè ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ń kọjá lọ́wọ́ wa lójoojúmọ́.

Mo ṣe nọ́ọ̀sì nínú yàrá iṣẹ́ abẹ kí n tó fẹ̀yìn tì. Nílé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ, obìnrin oníṣẹ́ abẹ kan wà tí mo máa ń jáde tẹ̀ lé lọ bá àwọn ẹbí aláìsàn. Á ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣe, á sọ ewu rẹ̀, á béèrè bóyá wọ́n ní ìbéèrè. Lẹ́yìn tó bá ti sọ̀rọ̀ tán, ẹnì kan nínú ẹbí á yíjú sí mi: "Ìyá nọ́ọ̀sì, dókítà gan-an dà?" Kì í ṣe ọkùnrin nìkan ló ń béèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá wa ń béèrè rẹ̀ jù. Àwọn kan dúró di ọjọ́ kejì kí ọkùnrin lè dé. Ọ̀gá ilé ìwòsàn náà, nítorí kí ariwo má bàa sí, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún ọkùnrin láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ ṣe kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bú u.

Ìlú wa ni wọ́n ń pè ní orírun Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní 2001, àjọ àgbáyé UNESCO kà á mọ́ àwọn ohun àjogúnbá tó níyì jù láyé. Ọkùnrin ló ń gbé ère lórí, tó ń ró aṣọ obìnrin mọ́dìí, tó ń jó kí inú àwọn ìyá lè dùn sí ìlú. Àwọn àgbà wa sì sọ fún wa pé nígbà tí àwọn baba ńlá wa dé ibí, ọwọ́ ìyá arúgbó kan, Yá Mẹ́fú, ni wọ́n ti gba iná. Ìlú tí iná àkọ́kọ́ rẹ̀ tọwọ́ obìnrin wá kò yẹ kó máa wo ẹ̀yìn obìnrin tó dúró níwájú rẹ̀, bóyá ọkùnrin kan ń bọ̀ tó máa mú abẹ.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò le. Yàrá iṣẹ́ abẹ kọ̀ọ̀kan ní ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ gbogbo iṣẹ́ sí: ọjọ́, orúkọ aláìsàn, irú iṣẹ́, ẹni tó ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ilé ìwòsàn máa ṣí i lọ́dọọdún, kí wọ́n ka ẹni tó ṣe èwo, kí wọ́n gbé e síwájú gbogbo oníṣẹ́. Wákàtí díẹ̀ ló máa gbà. Èkejì, kí ìwé tí a fi ń rán aláìsàn máa lọ sí ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ, kì í ṣe sí orúkọ ẹnì kan, kí ẹni tó kàn lórí ìlà sì gbà á. Àwọn kan ní Kánádà ti ń béèrè fún irú ètò yìí. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ kò nílò àṣẹ mínísítà kankan láti bẹ̀rẹ̀ ìyẹn. Tí ẹbí bá sì béèrè pé dókítà gan-an dà, ẹ sọ fún wọn pé òun ló bá yín sọ̀rọ̀ tán yẹn.

Bàbá tó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà dìde nígbà ìbéèrè. Wọ́n ní àwọn gbọ́, ṣùgbọ́n obìnrin máa lọ bímọ, ta ló máa dúró ti aláìsàn? Mo ní ọ̀sẹ̀ 14 ni òfin wa fún un. Ẹni tó fi ọdún 30 mú abẹ tó sì bímọ mẹ́ta, kò tó ọdún kan tí kò ní sí níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kó jọ ní 2015 sọ pé bílíọ̀nù márùn-ún èèyàn láyé ni kò rí iṣẹ́ abẹ tó dára gbà nígbà tí wọ́n nílò rẹ̀, pé ó kéré tán, kí oníṣẹ́ abẹ, dókítà tó ń kun aláìsàn lóorun àti dókítà ìbímọ tó 20 láàárín 100,000 èèyàn. Ibi tí a wà jìn sí ibẹ̀. Ìlú tí ọwọ́ kò tó kò lè máa lé ìdajì ọwọ́ tó ní. Wọ́n jókòó, wọ́n ní àwọn á tún rò ó.

Ọmọbìnrin kan nínú àwọn ọmọ iléèwé ló béèrè kẹ́yìn. Ó ń fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń di oníṣẹ́ abẹ. Mo sọ fún un pé kó di ìṣirò àti báyọ́lọ́jì mú, kó gba báàkì, ìwé ẹ̀rí àṣekágbá iléèwé girama, ti ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì C tàbí D, kó wá àyè ní ẹ̀ka ìṣègùn ní Kútọnu tàbí ní Parakou. Ọdún méje nìyẹn kó tó di dókítà, ọdún mélòó kan sí i kó tó di oníṣẹ́ abẹ. Lọ́dún tí wọ́n bá rán ọ lọ kọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn, mo ní, má kàn dúró wò. Béèrè kí wọ́n jẹ́ kí o mú nǹkan lọ́wọ́. Ra ìwé kan tìrẹ, kí o sì kọ gbogbo iṣẹ́ abẹ tí o bá bá wọn ṣe sínú rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ àti ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe níbẹ̀, nítorí ìwé yẹn ni o máa fi béèrè iṣẹ́ tó tóbi jù ú lọ.